Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Yíyan Crash Fẹ́lẹ́ fún Sẹ́ẹ̀tì Ìlù

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn onílù, pàápàá àwọn tó ń lù ní ilé ìjọsìn, sábà máa ń bi mí nígbà tí owó bá ti wà nílẹ̀ láti ra kímbálì tuntun. Orí crash nìkan ni mo dúró sí, nítorí pé nínú gbogbo ohun tó wà lára sẹ́ẹ̀tì ìlù, òun ni a máa ń fọ́ jù lọ, òun náà ni a sì máa ń ṣì yàn jù lọ. Kímbálì ni mo pè é, bí Bíbélì Yorùbá ti pè é. Orúkọ tí àwọn onílù fi ń mọ oríṣi kọ̀ọ̀kan, irú bíi crash, ride àti hi-hat, ni mo fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára ọjà.

Kí ni a ń pè ní crash, kí ló sì mú kí a pe òmíràn nínú wọn ní fẹ́lẹ́?

Crash ni kímbálì tí onílù máa ń gbá lẹ́ẹ̀kan láti fi sàmì sí ibi tí orin ti yí: ìparí ẹsẹ, ìbẹ̀rẹ̀ ègbè, ìdúró òjijì. Kò dà bíi ride, tí à ń lù lemọ́lemọ́ láti gbé orin rìn, kò sì dà bíi hi-hat, tó jẹ́ méjì tó dojú kọ ara wọn tí ẹsẹ̀ ń ṣí tó sì ń pa dé. Ohun tí a ń retí lọ́wọ́ crash ni pé kí ó dáhùn lójú ẹsẹ̀, kí ó tú ohùn rẹ̀ jáde ní kíkún, kí ó sì yà lọ́nà fún orin.

Àwọn tó ń rọ ọ́ máa ń pín in sí ìpele ìpele gẹ́gẹ́ bí ó ṣe nípọn sí, wọ́n sì máa ń tẹ orúkọ ìpele náà sí i lára: Paper Thin ni èyí tó fẹ́lẹ́ bí ìwé, lẹ́yìn rẹ̀ ni Extra Thin, Thin, Medium Thin, Medium, títí dé Heavy tí wọ́n ṣe fún orin rock. Kò sí òfin kankan tó de àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí pọ̀ lórí ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, nítorí náà Thin ti ilé iṣẹ́ kan lè wúwo ju Medium Thin ti ilé iṣẹ́ mìíràn lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ nìkan dá ẹjọ́ fún yín.

Kí ni fífẹ́lẹ́ ń ṣe sí ohùn rẹ̀?

Ẹni tó bá mọ dùndún yóò tètè lóye èyí. Awọ tó fẹ́lẹ́ kì í béèrè agbára púpọ̀ kí ó tó fọhùn. Ẹ kàn fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni idẹ rí. Líle irin pẹlẹbẹ kì í bá ìnípọn rẹ̀ dín kù ní ìwọ̀n kan náà: bí ìnípọn bá dín sí ìdajì, líle rẹ̀ yóò bọ́ sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí ìyàtọ̀ ìnípọn tí ojú kò lè rí fi máa ń hàn sí etí ketekete. Crash fẹ́lẹ́ á ṣí pátápátá bí ẹ tilẹ̀ rọra gbá a, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rọra gbá èyí tó nípọn, yóò kàn dún «pín» bí agogo, ariwo «ṣàà» tí ẹ torí rẹ̀ rà á kò sì ní jáde àfi bí ẹ bá fi agbára kún un.

Ohun kejì ni gíga ohùn. Bí kímbálì méjì bá fẹ̀ bákan náà, tí ìtẹ̀ wọn sì rí bákan náà, èyí tó fẹ́lẹ́ ni ohùn rẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀. Èyí máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí wọ́n gbà pé ohun tó bá wúwo lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wúwo lóhùn. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ló rí: crash tó nípọn máa ń ké lókè, ohùn rẹ̀ sì máa ń gún etí.

Ohun kẹta ni bí ìró náà ṣe ń pẹ́ tó. Irin pọ̀ nínú èyí tó nípọn, ìró rẹ̀ sì lè máa hó lọ títí tí akọrin fi máa kọjá gbólóhùn méjì. Èyí tó fẹ́lẹ́ yára jáde, ó sì yára kú. Ṣùgbọ́n ààlà wà fún un o. Ibì kan wà tí crash fẹ́lẹ́ máa ń dé tí kò ní lè ké ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, bí ẹ tilẹ̀ fi gbogbo apá yín lù ú. Agbára tí ẹ bá fi kún un lẹ́yìn ibẹ̀ kò di ohùn mọ́, ara irin ló ń lọ, ibẹ̀ ni ó sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

Kì í ṣe ìnípọn nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Kókó tó yọ láàárín, èyí tí àwọn onílù ń pè ní bẹ́ẹ̀lì, máa ń mú kí ìró pẹ́ sí i bí ó bá tóbi. Kímbálì tó tẹ̀ gidigidi bí ìdérí ìkòkò máa ń ké lókè ju èyí tó tẹ́ lọ. Ojú òòlù tí wọ́n fi lù ú náà ń ba ìró rẹ̀ jẹ́ lọ́nà tó dára, ìyẹn ni pé kì í jẹ́ kí ó dún gbọọrọ bí agogo. Èyí tí wọ́n bá fi ọwọ́ lù tí ojú òòlù rẹ̀ kò sì dọ́gba sábà máa ń ní ohùn tó ṣókùnkùn tó sì lọ́pọ̀.

Bí wọn kò bá kọ nǹkan kan sí i lára, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó fẹ́lẹ́?

Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n kékeré onínọ́ńbà tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò tó fún iṣẹ́ yìí, kò sì sí òǹtajà olóòótọ́ kan tí yóò bínú bí ẹ bá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Nínú crash tí wọ́n fi idẹ gidi ṣe, èyí tó jẹ́ íǹṣì 16, tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 900 sí 1,050 gíráàmù, ni mo máa ń pè ní fẹ́lẹ́. Bí ó bá ti tó 1,200, ó ti bọ́ sí ìpele àárín, ohunkóhun yòówù tí wọ́n ì báà kọ sí i.

Ìṣirò kékeré kan wà tó máa ń ràn mí lọ́wọ́ láti fi íǹṣì kan wé òmíràn. Fífẹ̀ kímbálì ń tẹ̀ lé íǹṣì rẹ̀ tí a fi íǹṣì náà sọ di púpọ̀. 16 lọ́nà 16 jẹ́ 256. 18 lọ́nà 18 jẹ́ 324. Bí ẹ bá fi 256 pín 324, ẹ ó rí nǹkan bí 1.27. Nítorí náà, crash íǹṣì 16 tó wúwo tó 1,000 gíráàmù àti crash íǹṣì 18 tó wúwo tó 1,270 gíráàmù nípọn bákan náà bí a bá da gbogbo ara wọn pọ̀ ṣírò. Ní íǹṣì 14, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò wúwo tó nǹkan bí 770; ní íǹṣì 20, yóò tó nǹkan bí 1,560. Bí ẹnikẹ́ni bá wá gbé íǹṣì 18 tó wúwo tó 1,600 gíráàmù síwájú yín pé ó fẹ́lẹ́, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa sọ fún un.

Òṣùwọ̀n kò lè sọ gbogbo rẹ̀ fún yín, nítorí pé kímbálì kì í nípọn bákan náà láti àárín dé etí. Àwọn kan nípọn lágbègbè bẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì fẹ́lẹ́ gan-an létí. Irú wọn máa ń tètè ṣí bí crash fẹ́lẹ́ bí wọ́n tilẹ̀ wúwo díẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ di etí rẹ̀ mú, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá rọ̀ lábẹ́ ìka, á rọ̀ lábẹ́ sítíìkì, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń lùlù.

Ṣé crash fẹ́lẹ́ kì í tètè fọ́? Gbogbo ènìyàn ní kí n ra èyí tó nípọn kí ó lè pẹ́.

Ìbéèrè yìí ni mo máa ń gbọ́ jù, òun náà sì ni ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn fi ń jìyà ariwo tí kò yẹ kí wọ́n jẹ. Ní ìjọ tí mo ti kọ́ ìlù, bàbá kan tó fẹ́ràn wa fi owó ara rẹ̀ ra crash fún wa, ó sì yan èyí tó wúwo jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ, kò fẹ́ kí àwọn ọmọ fọ́ ọ. Kò pé ọdún kan tó fi sán láti ihò àárín rẹ̀. Rọ́bà kékeré tó yẹ kó wà lára ọ̀pá sítáǹdì náà ti sọnù tipẹ́, irin ń ha irin, a sì ti fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le koko kí ó má bàa máa mì. Ìnípọn kò gbà á sílẹ̀. Kó tó sán pàápàá, a kò gbádùn rẹ̀: bí a bá lù ú kíkankíkan, àwọn ìyá máa ń di etí, bí a bá rọra lù ú, agogo ló ń dún.

Òtítọ́ ni pé bí ẹni méjì bá ń fi agbára kan náà pọ́n ọn lójú, èyí tó fẹ́lẹ́ ni yóò kọ́kọ́ sán. Ẹni tí apá rẹ̀ bá wúwo, tó ń lu orin rock tàbí tó ń lo sítíìkì 2B, èyí tó nípọn tó sì wúwo, kò yẹ kí ó sún mọ́ Paper Thin. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú crash tí mo ti rí: sítáǹdì tí kò ní rọ́bà, nọ́ọ̀tì tó fún jù, àti ọwọ́ tó ń gún kímbálì létí tààrà bí ẹni tó ń gé igi. Bí ẹ bá tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, crash fẹ́lẹ́ lè bá yín pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí n máa gbá a?

Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín kọjá lórí etí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń gbá eruku kúrò lórí tábìlì, kí èjìká sítíìkì, níbi tó ti ń tín-ínrín lọ sí orí, kàn án, kí ọwọ́ sì máa lọ. Ẹ má ṣe dúró lé e. Kímbálì gbọ́dọ̀ ráyè mì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbá a, nítorí ìmì yẹn ni ó ń gba agbára tí ì bá sán an. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ onílù máa ń gbé crash sókè réré, kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo oúnjẹ, nítorí pé ó dùn ún wò nínú fídíò. Ní ipò yẹn, kò sí bí sítíìkì ṣe máa kàn án tí kò ní jẹ́ pé ojú etí rẹ̀ ló gún. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì dà á síhà ọ̀dọ̀ ara yín.

Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó dára kí a rántí Tony Allen, ọmọ bíbí ìlú Èkó tó gbé ayé láti 1940 sí 2020, tó sì lu ìlù Afrobeat fún Fela. Bí ẹ bá tẹ́tí sí i dáadáa, ẹ ó rí i pé kì í fi ipá lù. Ohun gbogbo lára sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, kò sì sí èyí tó ń pariwo mọ́ ìkejì. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni crash fẹ́lẹ́ ń fẹ́.

Gbọ̀ngàn ìjọ wa kéré, páànù ni òrùlé rẹ̀, ògiri rẹ̀ kò sì ní aṣọ kankan. Ṣé crash fẹ́lẹ́ ló yẹ wá?

Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì rí ibi tó tún yẹ ẹ́ ju ibẹ̀ lọ. Ògiri líle àti òrùlé páànù máa ń dá ìró òkè padà, ìró òkè sì ni crash tó nípọn ní jù lọ. Ohun tó tún ń dá kún un ni máìkì àwọn akọrin. Ìró kímbálì máa ń wọ inú máìkì wọn. Bí ẹni tó ń darí ohùn bá wá gbé àwọn akọrin sókè kí a lè gbọ́ wọn, kímbálì á bá wọn gòkè. Wọ́n á wá ní kí onílù rọra. Onílù á rọra, crash tó nípọn kò sì ní ṣí mọ́. Onílù á tún fi agbára sí i nígbà tí ẹ̀mí orin bá gbé e, ìjà náà á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀.

Crash fẹ́lẹ́ yanjú èyí láti ìdí rẹ̀, nítorí pé ó ń fún onílù ní ohùn kíkún ní ìwọ̀n agbára kékeré, ìró rẹ̀ sì ń tètè kú kí ó tó kún inú máìkì. Àwọn ìjọ kan máa ń ra ògiri oníke tó mọ́ gaara láti fi yí onílù ká. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ tó ra crash fẹ́lẹ́ méjì, ìmọ̀ràn tèmi sì ni pé kí ẹ kọ́kọ́ ra kímbálì tó yẹ ká tó sọ̀rọ̀ ògiri.

Ìta gbangba ni à ń lù, níbi ìnáwó àti ìpàdé ìsọjí. Ṣé ó máa gbọ́ jáde?

Bí máìkì bá wà lókè sẹ́ẹ̀tì, á gbọ́ jáde dáadáa, nítorí pé máìkì fẹ́ràn ohùn tó kún tí kò sì gún etí. Bí kò bá sí máìkì, tí sípíkà gìtá àti kíbọọ̀dù sì ga, crash fẹ́lẹ́ á sọnù sáàárín wọn. Ẹ ra Medium Thin fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì mú un ní íǹṣì 18 dípò 16.

Íǹṣì mélòó ni kí n rà, ṣé ọ̀kan tó tàbí méjì?

Bí ọ̀kan ṣoṣo ni owó yín ká, ẹ ra íǹṣì 17 tàbí 18 tó fẹ́lẹ́. Íǹṣì 16 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rà, kò sì burú, ṣùgbọ́n bí ó bá dá wà lórí sẹ́ẹ̀tì, ohùn rẹ̀ sábà máa ń ga ju ohun tí orin tó lọ́ra nílò lọ. Bí kímbálì bá ṣe fẹ̀ tó ni ohùn rẹ̀ ṣe máa ń lọ sísàlẹ̀, tí ìró rẹ̀ sì máa ń pẹ́ sí i; nípa bẹ́ẹ̀, 18 tó fẹ́lẹ́ á ní ìjìnlẹ̀ ohùn, fífẹ́lẹ́ rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ó pẹ́ jù.

Bí ó bá jẹ́ méjì, 16 àti 18 máa ń bára wọn gbé dáadáa. Ẹ gbá wọn tẹ̀ lé ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Ó yẹ kí etí yín gbọ́ ọ bí ìbéèrè àti ìdáhùn láàárín ẹbí kan náà. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù tí ẹ kò fi lè mọ èyí tó dún, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ owó tí ẹ sọ nù. Kò pọn dandan kí àwọn méjèèjì ti ilé iṣẹ́ kan náà wá.

Irú irin wo ni kí n wò fún?

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni B20, idẹ tí bàbà kó 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, tí tánganran (tin) sì kó 20; àwọn mìíràn máa ń ní fàdákà táṣẹ́rẹ́ nínú. Irin yìí le láti rọ: wọ́n ní láti yọ́ ọ, kí wọ́n fi í sínú iná léraléra bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, nítorí pé bí ó bá tutù, ńṣe ló máa ń fọ́. Èyí ló mú kí ó wọ́n, òun náà ni ohùn rẹ̀ sì lọ́pọ̀ jù lọ. Ìkejì ni B8, tí tánganran inú rẹ̀ jẹ́ 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n lè rà á ní pákó irin tí wọ́n ti tẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì gé e, nítorí náà ó sábà máa ń dínwó, ohùn rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ ó sì gún régé. Ẹ má ṣe fojú tín-ín-rín rẹ̀: B8 ni ilé iṣẹ́ Paiste fi ń ṣe kímbálì rẹ̀ tó ń jẹ́ «2002» láti ọdún 1971, àwọn àgbà onílù káàkiri ayé sì ń lò ó.

Ìkẹta ni bàbà tí wọ́n pò mọ́ síńkì, èyí tó máa ń bá sẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú wá. Bí ó bá fẹ́lẹ́, ńṣe ló máa ń ṣẹ́ po létí bí ìdérí agolo. Ó wà fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi owó gidi rà á.

Ilé iṣẹ́ wo ló dára jù?

Mi ò ní yan ọ̀kan, nítorí pé kímbálì méjì láti ilé iṣẹ́ kan náà, tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, lè yàtọ̀ síra bí ọmọ ìyá méjì. Ṣùgbọ́n ìtàn wọn dùn, ó sì kan ọ̀rọ̀ wa. Ọdún 1623 ni ilé Zildjian ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú tí à ń pè ní Istanbul lónìí. Ará Àméníà ni wọ́n, ìtumọ̀ orúkọ wọn sì ni ọmọ alágbẹ̀dẹ kímbálì. Ẹni tó bá ti ilé Àyàn wá kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń di orúkọ ìdílé. Ní 1929, Avedis Zildjian Kẹta dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Quincy, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Àwọn onílù jazz bíi Gene Krupa ló ń wá bá a pé kí ó ṣe kímbálì tó túbọ̀ fẹ́lẹ́, nítorí pé èyí tó nípọn tí àwọn ẹgbẹ́ ológun ń gbá pọ̀ mọ́ra kò bá sítíìkì mu. Láti ìgbà náà ni crash bí a ṣe mọ̀ ọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀rọ̀ kan, fẹ́lẹ́ ni crash láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó nípọn ló dé lẹ́yìn, nígbà tí gìtá oníná gba orí ìtàgé.

Lẹ́yìn aáwọ̀ ìdílé, Robert Zildjian dá Sabian sílẹ̀ ní Kánádà ní 1981. Ní Tọ́kì, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Istanbul pín sí méjì, Agop àti Mehmet. Paiste wà ní Switzerland, Meinl sì wà ní Jámánì láti 1951, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Tọ́kì ni wọ́n ti ń rọ kímbálì rẹ̀ tó ń jẹ́ Byzance. Nínú ọjà wọn, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí A Zildjian Thin bí ẹ bá fẹ́ ohùn tó mọ́lẹ̀, K Zildjian Dark Thin bí ẹ bá fẹ́ èyí tó ṣókùnkùn, Sabian AA Thin, tàbí Meinl Byzance Extra Thin Hammered fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ gan-an. Dream Bliss, tí wọ́n ń rọ ní Ṣáínà, fẹ́lẹ́, kò sì wọ́n tó ìwọ̀nyí.

Ṣé kí n ra tòkunbọ̀?

Ẹ rà á, bí ẹ bá lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kímbálì kì í gbó bí ẹ̀rọ ṣe ń gbó, èyí tó ti lo ogún ọdún láìsán lè dún ju tuntun lọ. Ẹ gbé e kọ́ orí ìka, kí ẹ rọra ta etí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ́tí: bí ẹ bá gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n rìrì bí ìgbà tí gíláàsì fèrèsé bá tú, ó ti sán níbì kan. Ẹ wo etí rẹ̀ yípo lójú oòrùn, nítorí sísán tuntun máa ń tẹ̀ lé ìlà yíká tí wọ́n fá sára rẹ̀, ó sì rọrùn kí ojú fò ó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ihò àárín. Bí ihò náà kò bá rí róbótó mọ́, tó ti fà gùn bí ihò kọ́kọ́rọ́, sítáǹdì aláìnírọ́bà ló ti jẹ ẹ́. Ẹ wo òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dà orúkọ ńlá nìkan ló wà lójú rẹ̀, tí irin rẹ̀ sì pọ́n bíi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Báwo ni kí n ṣe dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù?

Ẹ mú sítíìkì tiyín dání. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ọ̀pá wúwo tí òǹtajà na sí wọn gbá a, lẹ́yìn náà wọ́n á dé ilé, wọ́n á fi sítíìkì tó fúyẹ́, 5A tàbí 7A, gbá a, ohùn mìíràn á sì jáde. Ẹ kọ́kọ́ gbá a pẹ̀lú agbára kékeré, nítorí ibẹ̀ gan-an ni crash fẹ́lẹ́ ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbá a nígbà tí ẹ̀yin bá dúró ní ọ̀nà jíjìn, ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bó bá ṣeé ṣe. Ohun tí onílù ń gbọ́ lórí àga rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ìjọ ń gbọ́. Mo ti kọ crash sílẹ̀ rí nítorí pé ó ṣe ramúramù létí mi, kí n tó gbọ́ ọ láti òkèèrè, tí mo sì padà lọ san owó rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa gbé e kọ́ sórí sítáǹdì?

Páìpù rọ́bà kékeré ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ara irin, kí ihò kímbálì má bàa fara kan irin rárá. Fẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn aṣọ rírọ̀ tó nípọn, lábẹ́, ọ̀kan lókè, lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀tì. Ẹ yí nọ́ọ̀tì náà débi tí kò fi ní jábọ́, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka ti etí kímbálì, ó yẹ kí ó máa fì bí jángílófà. Bí páìpù rọ́bà bá sọnù, ẹ lè gé díẹ̀ lára rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi, á ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi ra tuntun.

Ó ti sán létí. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Ẹ má ṣe gbé e lọ fún wẹ́dà. Iná wẹ́dà máa ń pa ìmúra tí wọ́n ti fi iná àti omi ṣe fún idẹ náà run, ó sì máa ń tún sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kí ẹ lu ihò kékeré sí ìparí ibi tó sán, kí ó má bàa rìn síwájú, tàbí kí ẹ gé gbogbo ibẹ̀ kúrò bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kí ẹ sì fi fáìlì dan etí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ á yí padà. Èyí tó bá ti rìn yíká lórí ìlà kọjá ìka mẹ́rin, ẹ mú un kúrò lórí sẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi kọ́ àwọn ọmọ bí sísán ṣe máa ń rí.

Báwo ni kí n ṣe máa fọ̀ ọ́?

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ ti tó. Ẹ nù ún gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ń gbé lẹ́bàá òkun. Àwọn òróró idẹ tí wọ́n fi ń dan ọwọ́ ilẹ̀kùn máa ń pa orúkọ tó wà lójú rẹ̀ rẹ́, èyí tí wọ́n bá sì po yanrìn mọ́ máa ń jẹ ìlà tí wọ́n fá sí i lára, bẹ́ẹ̀ crash fẹ́lẹ́ kò ní irin tó lè fi tọrẹ. Bí ẹ bá ń gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn, ẹ fi aṣọ sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpò, kí ẹ má sì ṣe fi etí rẹ̀ dúró lórí ilẹ̀ oníkọnkéré.